Fi ẹnu sọ ohun tí ìlà náà ń wí: ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀ ajé ní yunifásítì

Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Láti ìgbà tí mo ti sọ ọ́ lójú ewé yìí pé ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀ ajé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì, lẹ́tà kò yéé wọlé. Àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní àti ọdún kejì ni mo ń kọ́ jù, ọdún 19 rèé tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú ìbéèrè tí ẹ kọ ránṣẹ́ tí ọmọ kan kò tíì bi mí rí lójúkojú. Márùn-ún ni mo mú. Mo gé èyí tó gùn kúrú, mo sì fi orúkọ àwọn tó kọ ọ́ pamọ́.

*Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ìyá wa. Ọmọbìnrin ọdún 17 ni mí. Ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀ ajé wù mí, nítorí mo fẹ́ mọ ohun tó fà á tí ibì kan fi tòṣì tí ibòmíràn sì lówó. Ṣùgbọ́n ìṣirò kì í wọ̀ mí lórí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ìṣirò ló kún ibẹ̀, kí n má tiẹ̀ dán an wò. Ṣé òótọ́ ni? — Ẹni tó ń bẹ̀rù ìṣirò*

Ọmọ mi, òótọ́ ni pé ìṣirò wà níbẹ̀, ó sì pọ̀. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé kò sí, ó ń tàn ọ́ ni. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, kọ́ọ̀sì mẹ́rin ló máa ń gbé ọdún kìn-ín-ní ró: microeconomics, tó ń wo ìpinnu ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìdílé kọ̀ọ̀kan àti iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, macroeconomics, tó ń wo odidi orílẹ̀-èdè, ọ̀wọ́n gógó ọjà, àìríṣẹ́ṣe àti owó èlé, ìṣirò, àti statistíìsì. Lẹ́yìn ìyẹn ni econometrics á dé, níbi tí a ti ń fi dátà yẹ ohun tí a sọ wò bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tó sunkún. Mo ń sọ gbogbo èyí fún ọ nísinsìnyí nítorí ẹni tó mọ̀ ṣáájú ṣì ní àyè láti múra.

Èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ wá fi tì í lẹ́yìn, pé kó o má dán an wò, òun ni mi ò fara mọ́. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan wà, Elinor Ostrom lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó wà ní ilé-ìwé girama, wọ́n gbà á nímọ̀ràn pé ọmọbìnrin ni, kó má ṣe ìṣirò kọjá algebra àti geometry. Nígbà tó dàgbà tó fẹ́ kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ètò ọrọ̀ ajé, ìṣirò tí wọn kò jẹ́ kó kọ́ yẹn gan-an ló dí i lọ́nà. Ó yà sí ẹ̀kọ́ ìṣèlú, ó gboyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 1965, ó sì fi ayé rẹ̀ wádìí bí àwọn ará àdúgbò ṣe ń lo omi, igbó àti ibi ìpẹja pọ̀ láìjẹ́ kó bàjẹ́. Ní 2009, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé. Mi ò lè sọ ìtàn yìí kí ọkàn mi má dàrú, nítorí àwọn tí ilẹ̀kùn kan náà tì mọ́ níta tí wọn kò rí ọ̀nà mìíràn gbà ni mo máa ń rò.

Ìṣòro ìṣirò kì í ṣe irú kan. Tìrẹ ni pé o rò pé o kò lè ṣe é. Tèmi ni pé mo lè ṣe é, kò sì yé mi, n kò sì mọ̀ pé kò yé mi. Jẹ́ kí n sọ bí àṣírí mi ṣe tú.

Ọdún kìn-ín-ní mi ni, nínú yàrá kékeré kan tí àwa bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti máa ń ṣe iṣẹ́ àṣeyẹ̀wò. Ìbéèrè ọjọ́ náà kò le. Ẹnì kan ń ta ọjà kan. Bí iye tó ń tà á bá jẹ́ P, àwọn tí yóò rà á jẹ́ 100 tí a yọ P lọ́nà méjì kúrò nínú rẹ̀. Iye wo ni kó máa tà á kí owó tó ń wọlé fún un lè pọ̀ jù lọ? Mo dìde, mo gba ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ láìdúró mí: owó tó wọlé jẹ́ 100P − 2P², mo wá bó ṣe ń yí padà, 100 − 4P, mo fi í dọ́gba pẹ̀lú òfo, P jẹ́ 25. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Olùkọ́ wa wo pátákó títí. Ó ní, “Ó dára. Kí ni 25 yìí ń wí?”

Mo ní, “Òun ni ìdáhùn, sà.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Kí ló ń wí? Fi èdè tí o fi ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ sọ ọ́.”

Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi, gbogbo yàrá dákẹ́, mi ò rí nǹkan kan sọ. Kò bá mi wí. Ó ní kí n gbé P sí 20 kí a jọ kà á. Ní 20, ènìyàn 60 ló ń rà á, owó tó ń wọlé jẹ́ 1,200. Ẹ jẹ́ kó fi ẹyọ owó kan lé e, kó di 21. Ènìyàn méjì á pẹ̀yìn dà, á ku 58. Àwọn 58 yìí, kálukú fi ẹyọ kan kún ohun tó ń san tẹ́lẹ̀, èrè 58 nìyẹn. Àwọn méjì tó lọ, kálukú gbé 20 lọ, àdánù 40 nìyẹn. Èrè fi 18 ju àdánù lọ, nítorí náà kó fi kún un. Ó wá ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti 30. Níbẹ̀, ènìyàn 40 ló ń rà á. Bó bá di 31, á ku 38. Èrè 38, àdánù 60. Ó ti kọjá ibi tó yẹ, kó padà sẹ́yìn. Ní 25 ńkọ́? Ènìyàn 50, owó 1,250. Bó bá fi ẹyọ kan kún un, èrè 48, àdánù 50. Bó bá yọ ẹyọ kan kúrò, kó di 24, owó tó ń wọlé á wálẹ̀ sí 1,248. Bó lọ síwájú, á pàdánù. Bó padà sẹ́yìn, á pàdánù. Ohun tí “fi í dọ́gba pẹ̀lú òfo” ń wí nìyẹn. Mo ti ń ṣe ìṣirò yẹn láti oṣù méjì ṣáájú, ọjọ́ náà ni mo tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìlà tí mi ò bá lè fi ẹnu sọ, mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Mo sì ti rí i lára àwọn ọmọ tí mo kọ́ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ìṣirò kì í wọ òun lórí, àmì ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn án kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ fún un. Lọ́dọ̀ tìrẹ, yí i padà. Kí o tó wọlé, wá ìwé algebra ti girama, kí o tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá ìlà gbọọrọ lórí gíráàfù, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, àti bí a ṣe ń wá ohun méjì tí a kò mọ̀ nínú ìṣirò méjì tó so pọ̀ (simultaneous equations). Fi pẹ́ńsùlù ṣe é, má fi ojú kà á. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta sàn ju odidi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ lọ. Nígbà tí o bá sì ṣe tán pẹ̀lú ìṣirò kan, pa ìwé dé, kí o sọ fún ẹnì kan nínú ilé ohun tí nọ́ńbà náà ń wí. Bí kò bá yé e, tún un sọ. Bí o bá rí ara rẹ tó o ń sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa”, ibẹ̀ ni kò tíì yé ọ, padà síbẹ̀.

Ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ, ìdí tí ibì kan fi tòṣì, ó tó gbé ènìyàn la ìṣirò kọjá. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀ ajé. Èmi fẹ́ kó kọ́ akáúńtì, nítorí iṣẹ́ akáúńtáǹtì yé mi. Ta ló ń gba onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé síṣẹ́, kí ni wọ́n sì ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́? — Bàbá tó ń sanwó*

Ẹ kú ìnáwó ọmọ, sà. Ìbéèrè yín tọ́, kì í sì í ṣe ẹni tí kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ló ń béèrè bẹ́ẹ̀.

Akáúńtáǹtì ń ṣe ìṣirò owó tó ti wọlé àti èyí tó ti jáde, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà tí òfin fẹ́, ó sì ń jẹ́rìí sí i pé ó pé. Ọ̀nà rẹ̀ là: lẹ́yìn yunifásítì, ó ní ìdánwò àwọn ẹgbẹ́ akáúńtáǹtì tó ń dúró dè é, ẹni tó bá yege níbẹ̀ ti ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kò ní irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Oore kan wà níbẹ̀, nítorí kò sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gbà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ohun tí yóò fi han ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ pé òun mọ nǹkan kan.

Àwọn tó ń gbà wọ́n: báǹkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè, níbi tí wọ́n ti ń wo bí ọjà ṣe ń wọ́n tí wọ́n sì ń gbèrò owó èlé, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ka iye ènìyàn, iye ọjà àti iye ẹni tí kò níṣẹ́, iléeṣẹ́ ètò ìsúná, báǹkì aládàáni, iléeṣẹ́ adójútòfò àti ti owó ìfẹ̀yìntì, àwọn tó ń ṣọ́ pé kí iléeṣẹ́ ńlá má jẹ gàba lórí ọjà, iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ àti ti íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń ṣírò iye tó yẹ kí wọ́n máa tà, ìwé ìròyìn, ilé-ìwé. Ohun tí wọ́n ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Wọ́n á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú dátà tí kò létò, wọ́n á tò ó, wọ́n á wá ohun tó ń sọ, wọ́n á sì kọ ọ́ ní ojú ìwé méjì fún ọ̀gá kan tí kò ní àyè láti ka mẹ́ta. Ọmọ tó bá jáde ní yunifásítì tó mọ̀wé kọ, tó sì mọ bí a ṣe ń lo Excel dáadáa àti ọ̀kan nínú Stata, R tàbí Python, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣiṣẹ́ lórí dátà, ó ti fi ibi tó jìnnà síwájú ẹni tó ní máàkì gíga láìmọ ọ̀kankan. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí náà: ibi púpọ̀ tó ń fi orúkọ náà gan-an, “economist”, gba ènìyàn síṣẹ́ máa ń béèrè oyè kejì. Ẹ fi í sínú ìṣirò yín láti ìsinsìnyí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan fún yín. Arthur Lewis jẹ́ ọmọ erékùṣù Saint Lucia. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló wù ú, ṣùgbọ́n ó rí i pé ìjọba ìgbà náà àti iléeṣẹ́ àwọn òyìnbó kò ní gba ẹnjiníà aláwọ̀ dúdú síṣẹ́, ó sì yàn láti kọ́ ẹ̀kọ́ okòwò. London School of Economics ló lọ. Nínú oyè tó kà, akáúńtì wà níbẹ̀, òfin okòwò wà níbẹ̀, ètò ọrọ̀ ajé díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Èrò rẹ̀ ni láti padà sílé wá gba iṣẹ́ ọ́fíìsì. Díẹ̀ yẹn ló gbé e lọ. Ó wá di ẹni tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn, títí kan ìjọba Gánà lẹ́yìn òmìnira 1957, ní 1979 ó sì gba Nobel, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ìdí tí mo fi mú un wá ni pé akáúńtì àti ètò ọrọ̀ ajé lè wà nínú oyè kan náà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń dà wọ́n pọ̀ títí dòní.

Kí ẹ̀yin àti ọmọ yín jókòó ti àkójọ kọ́ọ̀sì ẹ̀ka méjèèjì, kí ẹ ka àkọlé wọn láti ọdún kìn-ín-ní dé ìkẹyìn, kí ẹ wo èyí tí ojú rẹ̀ ń tàn sí. Ọmọ tó bá ń béèrè bóyá ìṣirò iléeṣẹ́ kan tọ̀nà, akáúńtì ló ń pè é. Ọmọ tó ń béèrè ìdí tí gbogbo nǹkan fi wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

*Ṣé ẹ̀kọ́ yìí á kọ́ mi bí a ṣe ń di olówó? — Ẹni tó fẹ́ mọ̀*

Rárá. Á kọ́ ọ láti máa béèrè ohun tí o fi sílẹ̀ nígbàkígbà tí o bá yan nǹkan: owó tí o kó pa mọ́, kí ni ì bá ti ṣe fún ọ níbòmíràn? Ọdún mẹ́rin tí o fi kàwé, iṣẹ́ wo ni ì bá ti bọ́ ọ láàárín wọn? Ìbéèrè yẹn wúlò fún olówó àti aláìní. Bí ó bá jẹ́ ìdókòwò àti ọjà ìpín ìdókòwò ló wù ọ́, ẹ̀ka finance ni kó o béèrè.

*Ọmọ ọdún kejì ni mí, ó sì ti ń sú mi. Wọ́n ní kí a kà á sí pé ènìyàn mọ gbogbo nǹkan, ó sì ń yan èyí tó dára jù nígbà gbogbo. Mi ò mọ ẹni tó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fa ìlà méjì, wọ́n ní bí ìjọba bá fi kún owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ, iṣẹ́ á dín kù, ó parí. Mi ò gbà á gbọ́. Mo fẹ́ kúrò níbẹ̀. — Ẹni tó ń ṣiyèméjì*

Inú mi dùn sí lẹ́tà rẹ ju bí o ti rò lọ. Àwọn tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọn tó gbà á gbọ́ láìbéèrè.

Ṣùgbọ́n má tíì dìde. “Mi ò gbà á gbọ́” kò tíì tó. Gbólóhùn wo ni o kò gbà gbọ́? Fi ẹnu sọ àwọn ìlà méjì yẹn. Ìlà kan ní: bí owó iṣẹ́ bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń gbani síṣẹ́ á ṣe dín iye tó ń gbà kù. Ìkejì ní: bí owó iṣẹ́ bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ á ṣe pọ̀ sí i. Gbólóhùn kẹta sì wà tí kò sí lójú gíráàfù rárá: àwọn agbanisíṣẹ́ pọ̀ lọ súà, tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí èyí tó lè dá pinnu owó tó máa san, òṣìṣẹ́ tí ọ̀kan bá rẹ́ jẹ á kọjá sí ẹnu ọ̀nà kejì. Nígbà tí o bá sọ ọ́ síta báyìí, ojú rẹ á là sí ibi tó ti lè ṣẹ́. Bí agbanisíṣẹ́ bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì ní àdúgbò ńkọ́? Joan Robinson, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan, ti kọ̀wé lórí irú ọjà bẹ́ẹ̀ láti 1933, monopsony ni orúkọ rẹ̀. Nínú ọjà bẹ́ẹ̀, agbanisíṣẹ́ ń san owó tó kéré ju ohun tí iṣẹ́ náà tó lọ, ó sì ń gba ènìyàn díẹ̀. Òfin owó iṣẹ́ lè mú kí owó náà àti iye òṣìṣẹ́ jọ gòkè. Ìlà kan náà, gbólóhùn kan ló yàtọ̀, ìdáhùn sì yí padà.

Èwo ló rí bẹ́ẹ̀ láyé? A ní láti lọ wò ó. Ní oṣù kẹrin 1992, ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà gbé owó iṣẹ́ wákàtí kan tó kéré jù lọ láti dọ́là 4.25 sí 5.05. Pennsylvania tó bá a pààlà kò fi nǹkan kan kún tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, David Card àti Alan Krueger, rí i pé àǹfààní rèé. Wọ́n kàn sí ilé oúnjẹ àsáréjẹ (fast food) 410 ní ìhà méjèèjì ààlà náà, lẹ́ẹ̀kan kí owó tó gòkè, lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì béèrè pé: òṣìṣẹ́ mélòó lẹ ní? Ní 1994 wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Wọn kò rí i pé iṣẹ́ dín kù ní New Jersey ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ.

Ariwo sọ. Àwọn mìíràn fi àkọsílẹ̀ owó òṣìṣẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n ní ohun tí àwọn rí yàtọ̀. Card àti Krueger náà fi àkọsílẹ̀ ìjọba dá wọn lóhùn. Títí di òní, àríyànjiyàn ń lọ lórí iye tó jẹ́ pé bí owó iṣẹ́ bá kọjá rẹ̀, ó lè pa iṣẹ́ run. Krueger kú ní 2019. Ní 2021 Card gba Nobel. Bí mo bá ń kọ́ èyí ní kíláàsì, mo máa ń ní kí àwọn ọmọ kíyè sí bí ohun tí wọ́n lò ṣe rọrùn tó: ìpínlẹ̀ méjì, ìbéèrè kan, ìgbà méjì. Ìwọ náà lè lóye rẹ̀ kí ọdún kejì tó parí, ẹ̀yà econometrics tí mo dárúkọ lókè ni.

Ní ti ènìyàn tó mọ gbogbo nǹkan, o ò nìkan ṣiyèméjì. George Akerlof, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, wo ọjà ọkọ̀ àlòkù. Ẹni tó ń tà á mọ àléébù rẹ̀, ẹni tó ń rà á kò mọ̀. Nítorí ìbẹ̀rù, olùrà kò fẹ́ san owó tó pọ̀, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dára á wá gbé e kúrò lọ́jà, èyí tó bàjẹ́ ló máa kù. Ìwé àtìgbàdégbà ìmọ̀ mẹ́ta ló kọ̀ láti gba iṣẹ́ náà kí ìkẹrin tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1970. Ní 2001 iṣẹ́ yẹn ló mú Nobel bá a. Daniel Kahneman, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, gbà á ní 2002 lórí bí a ṣe ń ṣìnà nínú ìpinnu. Àwọn tó ṣiyèméjì ló mú ẹ̀kọ́ náà lọ síwájú, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ mọ ìlà tí wọ́n ń ṣiyèméjì sí tinú tẹ̀yìn.

Mo gbà pé ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ ọ lè jẹ̀bi. Ní oṣù kọkànlá 2008, nígbà tí ìdààmú owó gba ayé kan, Ọbabìnrin Elizabeth bẹ London School of Economics wò, ó sì béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi rí i kó tó dé. Ìbéèrè yẹn dun ọ̀pọ̀ nínú wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè fún ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ ayé. Àwọn olùkọ́ kan kóra jọ ní 2013 láti kọ ìwé ẹ̀kọ́ tó ń ti orí ìṣòro ayé bẹ̀rẹ̀ dípò orí gíráàfù, CORE ni wọ́n ń pe ètò náà, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kà á pẹ̀lú ìwé tí olùkọ́ rẹ yàn. Kí o sì wá kọ́ọ̀sì ìtàn ètò ọrọ̀ ajé àti ti ìdàgbàsókè sínú èyí tí o máa mú ní ọdún tó ń bọ̀. Bó bá ṣì sú ọ lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn yí kọ́ọ̀sì padà.

*Ọdún ìkẹyìn ni mo wà. Àkọlé iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi ni “Ipa ọ̀wọ́n gógó lórí ìdàgbàsókè ètò ọrọ̀ ajé”. Alábòójútó mi ní ó fẹ̀ jù, kí n lọ tún un ṣe, kò sì sọ báwo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. — Ẹni tí àsìkò ń lé*

Pẹ̀lẹ́ o. Alábòójútó rẹ ì bá ti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Odidi ìwé mẹ́wàá lè jókòó sábẹ́ àkọlé yẹn kí wọ́n má fara kanra.

Jẹ́ ká tú u. “Ìdàgbàsókè” wo? Bó bá jẹ́ GDP, àpapọ̀ iye ohun tí orílẹ̀-èdè kan ṣe jáde lọ́dún, lo ní lọ́kàn, sọ pé GDP. Simon Kuznets, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tó ṣe ìṣirò owó tó ń wọlé fún odidi Amẹ́ríkà fún ilé aṣòfin wọn ní 1934, kìlọ̀ nínú ìròyìn yẹn gan-an pé ènìyàn kò lè fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ mọ bí ayé ṣe rọrùn fún ará ìlú tó. “Ọ̀wọ́n gógó” wo? Ìdá 3 nínú 100 lọ́dún kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìdá 40. “Ipa” ló wá léwu jù. Bí o bá rí i pé ọdún tí ọjà wọ́n ni ọdún tí iṣẹ́ dà rú, ó lè jẹ́ pé ọ̀wọ́n gógó ló fà á, ó lè jẹ́ pé ogun tàbí ọ̀dá ló fa méjèèjì. Má kọ “ipa” bí o kò bá ní ọ̀nà láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Kọ “ìbáṣepọ̀”, kí o sì sọ ìdí tí o fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Olùdánwò á bọ̀wọ̀ fún ọ.

Dátà ni kó o kọ́kọ́ wá, kí o tó fọwọ́ sí àkọlé kankan. Báǹkì Àgbáyé ní àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní World Development Indicators, ọ̀fẹ́ ni: yan orílẹ̀-èdè, yan ọdún, gbà á sórí kọ̀ǹpútà rẹ. Ṣí i lọ́jọ́ náà gan-an kí o ka iye ibi tó ṣófo nínú rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó kọ orí mẹ́ta tán kó tó mọ̀ pé ìdajì ọdún tó fẹ́ lò ni kò sí nínú dátà. Ó kù ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo bá a ṣe é di òru, mi ò fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà, kọ ìbéèrè rẹ ní gbólóhùn kan tí ẹni tí kò ka ètò ọrọ̀ ajé rí á gbọ́. Bí àpẹẹrẹ: láàárín 1990 àti 2019, ní orílẹ̀-èdè 30 tí mo yàn, ṣé ìdókòwò máa ń wálẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí ọ̀wọ́n gógó ti kọjá ìdá 20 nínú 100? Wò ó: ìgbà wà níbẹ̀, ibi wà níbẹ̀, ohun tí o ń wọ̀n wà níbẹ̀. Mo dúró sí 2019 nítorí àjàkálẹ̀ àrùn 2020 da gbogbo nọ́ńbà rú, yóò sì ba ìdáhùn rẹ jẹ́ bí o kò bá ní ọ̀nà láti yọ ọ́ kúrò. Kò dandan kó jẹ́ ìbéèrè yìí ni wàá lò. Tìrẹ ni kó o wá, ṣùgbọ́n kó kéré tó báyìí.

Gbà dátà náà lálẹ́ òní. Fi ẹ̀dà kan sí ibi tí o kò ní fọwọ́ kàn mọ́, orí ẹ̀dà kejì ni kó o ti máa ṣiṣẹ́. Tẹ gbólóhùn rẹ sórí pépà kan, fa gíráàfù kan ṣoṣo sí abẹ́ rẹ̀, kí o sì kan ilẹ̀kùn alábòójútó rẹ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bó bá bi ọ́ pé kí ni ìlà inú gíráàfù náà ń wí, kó o ti sọ ọ́ fún ẹnì kan nílé ṣáájú.